Èsì: Ṣé bárakú ni àbí ìwà?

Ìyá Ìbejì, ẹ bèèrè bóyá ìbálòpọ̀ ti di bárakú fún ọkọ yín tó ń wo fíìmù ìhòòhò lóròòru. Iye ìgbà kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n o. Ṣé ó ti gbìyànjú láti jáwọ́, tí kò ṣeé ṣe? Ṣé kò gbádùn rẹ̀ mọ́, síbẹ̀ tó ń ṣe é, tí iṣẹ́ àti owó ilé ń bá a lọ? Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á mọ́ àìsàn nínú ìwé tí wọ́n fi ń to orúkọ àìsàn, ẹ̀dà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2022, bó bá ti tó bí oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Kí ojú kàn máa tini nítorí ẹ̀sìn kò tó.

Èmi alára, aago méjì òru ni tèmi, lábẹ́ aṣọ ìbora. Láàárọ̀ màá pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ lórí fóònù, tílẹ̀ bá tún ṣú, mo ti padà síbẹ̀. Àìríṣẹ́ àti ìdánìkanwà ló tì mí débẹ̀. Ti ẹlòmíì, ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́ ní kékeré ni.

Ẹ bi ọkọ yín bó bá ń lo oògùn Parkinson, àìsàn tó ń mú ara gbọ̀n, bíi pramipexole, torí ó máa ń fa irú ẹ̀ nígbà míì. Kó má dá a dúró fúnra rẹ̀ o, kó kọ́kọ́ rí dókítà.