Fóòmù panápaná, ẹ̀wù tòkunbọ̀ àti omi kànga

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mo ń bójú tó ètò ààbò ní ibùdó epo kan ní Suleja. A ní dúrọ́ọ̀mù fóòmù AFFF méje tó ti pẹ́ nílẹ̀, a sì fẹ́ fi wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wa bí a ṣe ń paná, kí wọ́n má baà ṣòfò. Ẹnìkan tún fẹ́ ta ẹ̀wù panápaná tòkunbọ̀ fún wa ní owó pọ́ọ́kú. Mo gbọ́ pé kẹ́míkà burúkú kan wà nínú méjèèjì. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé òfin wà lórí rẹ̀?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, òótọ́ ni, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má tíì ṣí dúrọ́ọ̀mù kankan. PFAS ni wọ́n ń pe ọ̀wọ́ kẹ́míkà náà. Òun ló ń jẹ́ kí AFFF tẹ́ pẹrẹsẹ bí awọ tín-ín-rín lórí epo tó ń jó, tí atẹ́gùn kò fi ní ráyè kan epo náà mọ́. Ṣùgbọ́n èròjà inú rẹ̀ so mọ́ra débi pé oòrùn kò lè tú u, kòkòrò inú ilẹ̀ kò sì lè jẹ ẹ́. Bí ó bá wọ kànga, ẹni tó ń se omi náà kàn ń jẹ́ kí omi fẹ́ lọ ni, kẹ́míkà yóò ṣẹ́kù sínú ìkòkò. Nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, PFOS tó jẹ́ ọ̀kan lára wọn máa ń lò tó nǹkan bí ọdún márùn-ún kí ó tó dín sí ìdajì. Ní ọdún 2023, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé fi PFOA, ẹlòmíràn nínú wọn, sí ìpele àwọn ohun tó dájú pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Ọdún 2022 ni wọ́n ti ka iṣẹ́ panápaná fúnra rẹ̀ mọ́ ìpele yìí.

Ní ti òfin, Nàìjíríà ti wà lábẹ́ Àdéhùn Stockholm, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí àwọn kẹ́míkà tí kì í tètè jẹrà, láti ọdún 2004. Àdéhùn yìí mú PFOS sábẹ́ ìkáwọ́ ní 2009, ó fi PFOA kún un ní 2019, ó sì fi PFHxS, òun náà ọ̀kan lára PFAS, kún un ní 2022. Ohun tí ẹ fẹ́ ṣe gan-an ló dá lẹ́kun: kò gba kí a fi fóòmù tó ní PFOA ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ rárá, kò sì gba kí a fi í dán ẹ̀rọ wò, àfi níbi tí a ti lè gbe gbogbo ohun tó bá dà sílẹ̀.

Mo mọ ìdí rẹ̀. Mo wà níbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lẹ́bàá ọ̀nà Kaduna, níbi tí fóòmù funfun kún gọ́tà títí ó fi ṣàn dé oko tòmátì inú àkùrọ̀. Àwọn ọmọdé ń bù ú sórí ara wọn bí ọṣẹ, obìnrin kan sì ń pọn omi níwájú díẹ̀. Kò sí iná kankan tí a pa lọ́jọ́ náà. Títí di òní, ó ń dùn mí pé n kò tètè pariwo.

Nítorí náà, ẹ ka àkọlé ara dúrọ́ọ̀mù yín. AFFF àti FFFP, irú fóòmù panápaná mìíràn, ní PFAS nínú. Èyí tí wọ́n kọ “fluorine free” sí, ìyẹn èyí tí kò ní PFAS, ni ẹ wá rà. Ẹ má kàn dà á sínú táńkì ti tẹ́lẹ̀ o, nítorí PFAS máa ń lẹ̀ mọ́ inú táńkì àti páìpù: ẹ ó kọ́kọ́ fọ̀ wọ́n, ẹ ó sì gbe omi tí ẹ fi fọ̀ wọ́n pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà yẹ̀ ẹ́ wò, torí fóòmù tuntun lè ki ju ti àtijọ́ lọ. Bí iná ńlá bá ṣẹ́ yọ kí tuntun tó dé, ẹ fi ohun tó wà ńlẹ̀ gba ẹ̀mí là, ṣùgbọ́n ẹ fi àpò iyanrìn dí ojú gọ́tà. Omi lásán tàbí fóòmù tí kò ní PFAS ni kí ẹ fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́.

Ní ti ẹ̀wù, ìpele mẹ́ta ló máa ń ní, PFAS sì sábà máa ń wà nínú ti òde àti ti àárín, kí omi àti epo má baà wọlé. Bí aṣọ bá ti gbó, ó ń bó díẹ̀díẹ̀. Ẹ yí inú ẹ̀wù tí wọ́n fẹ́ tà fún yín síta, kí ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n rán an. Ní Amẹ́ríkà, ìlànà ní kí wọ́n mú un kúrò lẹ́nu iṣẹ́ bí ó bá ti pé ọdún mẹ́wàá, nítorí náà ẹ̀wù pọ́ọ́kú lè jẹ́ èyí tí wọ́n ti kọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Èmi kò ní rà á. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tìtorí PFAS bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ lójú iná, nítorí èéfín àti ooru ló ń pani kíákíá. Bí wọ́n bá ti iná dé, kí wọ́n fọ ẹ̀wù níbi iṣẹ́, kí wọ́n sá a síbi òjìji, kí ó má sì bá wọn délé rárá.

Dúrọ́ọ̀mù méje náà kò gbọdọ̀ kan erùpẹ̀ ilẹ̀, ẹ má sì sun wọ́n. Ẹ gbé wọn sábẹ́ òrùlé, lórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì tí a mọ odi kékeré yí ká. Kí ẹ wá kọ̀wé sí NMDPRA tó ń ṣàkóso ibùdó epo, kí ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí Iléeṣẹ́ Ìjọba Àpapọ̀ fún Ọ̀rọ̀ Àyíká ní Abuja. Ẹ kọ orúkọ fóòmù, ọdún tí wọ́n ṣe é àti iye lítà tó kù sínú lẹ́tà náà, kí ẹ sì so àwòrán àkọlé dúrọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn.