Kí ló dé tí wọ́n fi ń ní ká da ásíìdì sínú omi, ká má da omi sínú ásíìdì?

Ìwọ tó o béèrè pé kí ló dé tí tísà kẹ́mísìrì yín fi pariwo nígbà tó o fẹ́ bu omi sórí ásíìdì, tísà yẹn jàre.

Sulfuric acid tó ki, irú èyí tí wọ́n kọ 98% sí ara ìgò rẹ̀, wúwo ju omi lọ dáadáa: mìlílítà kan rẹ̀ tó gíráàmù 1.84. Tó o bá da omi lé e, òkè lomi náà máa dúró sí. Ibi tí méjèèjì ti pàdé á gbóná lójijì, omi díẹ̀ yẹn á hó, á sì ta ásíìdì sókè sójú ẹni tó dúró tì í. Ṣó o ti rí i tí omi kán sínú epo gbígbóná rí? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, àmọ́ èyí ń jẹ ẹran ara.

Omi tútù ni kó kọ́kọ́ wọ bíkà, ìyẹn ife gíláàsì tí wọ́n fi ń po nǹkan ní lábù. Máa fi ọ̀pá gíláàsì rò ó, kó o máa da ásíìdì sí i díẹ̀díẹ̀. Bí bíkà bá ti ń gbóná jù, dúró kó tutù ná. Jọ̀ọ́, má bọ́ gọ́gù rẹ, ìyẹn awò tó ń dáàbò bo ojú, bí òógùn tilẹ̀ ń dà ọ́.

Tó bá ta sí ọ lára, bọ́ aṣọ ibẹ̀ kíá, kó o fi omi tó ń ṣàn ṣan án fún ìṣẹ́jú 20. Má fi epo pupa pa á rárá! Tó bá jẹ́ ojú ni, là á sílẹ̀ lábẹ́ omi, lẹ́yìn náà ẹ gbéra, ó di ilé ìwòsàn. Bí lábù yín ò bá ní omi ẹ̀rọ, ẹ pọn omi kún gárawa kẹ́ ẹ tó ṣí ìgò ásíìdì.