Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Iṣu Kò Gba Òtútù Ẹja

Ìbéèrè: Okun o, Olóòtú. Àwa obìnrin mọ́kànlá ni a jọ ń dáko ní Ìsánlú. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ará ilé wa níbẹ̀ yóò ra iṣu, ata rodo àti ẹja àrọ̀ lọ́wọ́ wa. Èjẹ́ńtì kan ní Èkó sọ pé kí a kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú kọ̀ǹténà kan tó ń tutù bíi fírísà, pé bí ó ṣe kúrò lóko ni yóò ṣe dé ọ̀hún. Owó rẹ̀ pọ̀, ẹ̀rù sì ń bà wá. Ṣé òótọ́ ni? (Ìyá kan, Ìsánlú)

Ìdáhùn: Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ má tíì san kọ́bọ̀, nítorí pé ohun tí èjẹ́ńtì náà wí kò ṣeé ṣe.

Kọ̀ǹténà atutù, èyí tí àwọn ará èbúté ń pè ní rífà, ìwọ̀n òtútù kan ṣoṣo ni wọ́n ń yí i sí fún gbogbo inú rẹ̀, láti ẹnu ìlẹ̀kùn títí dé ibi tí ẹ̀rọ wà. Ẹja dídì gbọ́dọ̀ wà ní -18°C. Ata fẹ́ nǹkan bí 7°C sí 10°C. Iṣu ní tirẹ̀ kò fẹ́ kí òtútù wá sí ìsàlẹ̀ 12°C rárá. Bí ó bá pẹ́ nínú èyí tó lọ sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, inú rẹ̀ a dúdú, a sì rọ̀, ìgbà tí wọ́n bá gbé e bọ́ sí ibi tó móoru ni ìjẹrà náà yóò wá fara hàn. Bí wọ́n bá yí ẹ̀rọ sí ti ẹja, iṣu yín yóò di òkúta lójú òkun, yóò sì di omi ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí wọ́n bá sì yí i sí ti iṣu, ẹja yóò ti rà kí ọkọ̀ tó kúrò ní etíkun wa.

Ohun kejì tí èjẹ́ńtì kò sọ fún yín ni pé rífà kì í ṣe fírísà bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n nílé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa òtútù tí ẹrù bá wá mọ́. Kò lágbára tó láti mú ẹrù gbígbóná tutù. Ẹrù dídì gbọ́dọ̀ ti dì pátápátá kí ó tó wọlé, kí wọ́n sì tò ó pọ̀ tímọ́tímọ́, kí afẹ́fẹ́ tútù máa gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ohun tútù láti oko kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé iṣu tí a ti wà kò tíì kú. Ó ń mí, ó ń mú ooru jáde, ó sì ń làágùn, nítorí náà inú páálí tó ní ihò ni kí ó wà, kí afẹ́fẹ́ tó ń ti ìsàlẹ̀ kọ̀ǹténà jáde lè gba àárín rẹ̀ gòkè, kí wọ́n sì ṣí ojú afẹ́fẹ́ kọ̀ǹténà náà díẹ̀. Ìlà pupa kan wà lára ògiri inú rẹ̀. Ẹrù kankan kò gbọ́dọ̀ ga kọjá ìlà yẹn, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ afẹ́fẹ́ kò ní rọ́nà padà sínú ẹ̀rọ.

Ní tèmi, ọkàn mi kò sí lára ẹ̀rọ tó bí ó ṣe wà lára ọkọ́ yín. Ojú ọgbẹ́ tí ọkọ́ dá sí iṣu lára ni ìjẹrà ń gbà wọlé, kò sì sí òtútù tó lè wo ọgbẹ́ náà sàn lójú òkun. Kí iṣu tó rìnrìn àjò, ẹ jẹ́ kí ó wà fún ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́jọ lábẹ́ ibòji, níbi tó móoru ní nǹkan bí 29°C sí 32°C tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ní ọ̀rinrin, kí awọ tuntun lè bo ojú ọgbẹ́. Èyí tó bá gbọgbẹ́ jù, ẹ gún un jẹ nílé. Iṣu tó gbó dáadáa ni kí ẹ mú, kì í ṣe èyí tí a fi ìkánjú wà nígbà tí iṣu tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ẹ má fi omi fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù pátápátá, nítorí pé wọn kò gba iyẹ̀pẹ̀ oko wọ ìlú wọn.

Ẹ ó rántí pé ní ọdún 2017, nígbà tí Olóyè Audu Ogbeh jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn, ìjọba àpapọ̀ ṣe ayẹyẹ fífi iṣu ránṣẹ́ sí òkè òkun, kò sì pẹ́ tí ìròyìn fi jáde pé apá kan nínú èyí tó dé Amẹ́ríkà ti jẹrà. Bí irú èyí bá lè bá ẹrù tí ìjọba fi ìlù àti fèrè sìn dé èbúté, ẹ̀yin gbọ́dọ̀ ṣọ́ra.

Ẹja àrọ̀ ńkọ́? Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í gba ẹja tí a ṣe fún títà àfi láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti fọwọ́ sí. Ní ti iṣu, ẹ ó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NEPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí fífi ọjà ránṣẹ́ sí òkè òkun, báńkì yín yóò bá yín ṣe fọ́ọ̀mù NXP tí ẹni tó ń fi ọjà ránṣẹ́ máa ń kọ, NAQS, àjọ tó ń yẹ irè oko wò, yóò sì yẹ iṣu wò kí wọ́n tó fún yín ní ìwé ẹ̀rí pé kò ní àrùn tàbí kòkòrò.

Ẹ tún ṣírò rẹ̀ wò: kọ̀ǹténà ẹlẹ́sẹ̀ 40 ń gba ju ogún tọ́ọ̀nù lọ. Bí iṣu kọ̀ọ̀kan bá wọn kílò méjì, ẹgbàárùn-ún iṣu nìyẹn, obìnrin mọ́kànlá kò lè dá a kún. Mo rò pé kí ẹ wá àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù yòókù ní Yàgbà àti Ìjùmú, kí ẹ jọ fi iṣu nìkan kún un. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé rífà wá sí Ìsánlú, nítorí pé lójú títì, jẹnẹrétọ̀ ara tírélà nìkan ló ń fún un ní iná, ẹ sì mọ bí ọ̀nà wa ṣe rí. Iṣu kò ní bàjẹ́ bí ó bá fi òru kan rin ọ̀nà Ẹ̀gbẹ̀ àti Ìlọrin dé Èkó nínú ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ẹ jẹ́ kí ó bá rífà ní tòsí èbúté.

Ìbéèrè: Ṣé kaṣú àti kọfí wa náà gbọ́dọ̀ gba rífà lọ? (Àgbẹ̀ kan, Kàbà)

Ìdáhùn: Rárá, Bàbá. Ẹ má fi owó ṣòfò. Ọ̀rinrin ni ọ̀tá wọn. Ẹ sá wọn gbẹ dáadáa, kí wọ́n sì gba kọ̀ǹténà lásán.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí fi ọkọ̀ òkun kó oúnjẹ dídì? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ẹ̀gbẹ̀)

Ìdáhùn: Ọmọ mi, ìrìn àjò tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí ni ti ọkọ̀ Dunedin, tó kó nǹkan bí 5,000 òkú àgùntàn dídì kúrò ní Niu Sílándì ní oṣù kejì ọdún 1882, tó sì lo ọjọ́ 98 kí ó tó dé Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ ìgbòkun ni, ṣùgbọ́n wọ́n gbé ẹ̀rọ òtútù tó ń jẹ èédú sínú rẹ̀, ẹta iná ẹ̀rọ náà sì ń jó ìgbòkun. Nígbà tí wọ́n dé agbègbè olóoru bíi tiwa, afẹ́fẹ́ tútù kò kárí mọ́, ni ọ̀gá ọkọ̀ bá rá wọ inú ihò afẹ́fẹ́ lọ láti lọ la ihò sí i. Òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Okùn ni wọ́n fi fà á jáde. Ìdí tí mo fi ń pariwo ìlà pupa lókè nìyẹn.

Ìbéèrè: Bí ẹrù bá bàjẹ́ lójú òkun, báwo ni a ṣe lè mọ ẹni tó jẹ̀bi? (Oníṣòwò kan, Ìyàrá)

Ìdáhùn: Ẹ̀rọ rífà ń kọ ìwọ̀n òtútù sílẹ̀ fúnra rẹ̀, ẹ lè béèrè fún àkọsílẹ̀ náà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ọkọ̀. Síbẹ̀, ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kí ẹ fi tiyín sínú páálí kan ní àárín ẹrù, nítorí pé ohun tí ẹ̀rọ ń wọ̀n ni afẹ́fẹ́, kì í ṣe inú iṣu. Kí ẹ sì gba ìwé adójútòfò kí ọkọ̀ tó gbéra. Ẹ ka ibi tí wọ́n ti kọ iye ọjọ́ tí ẹ ní láti fi ẹ̀sùn sùn, torí kì í pọ̀.