Tábìlì tí a ó kan bàálù kékeré lé: báwo ló ṣe yẹ kó tẹ́jú tó?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo ti ra àwòrán bàálù onígi kékeré kan, ẹlẹ́nìkan, mo sì fẹ́ kàn án fúnra mi. Ìhà ara rẹ̀ gùn ní mítà 4. Apá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 4.5, ó sì fẹ̀ ní mítà 1.2. Yàrá tí mo ní jẹ́ mítà 7 sí 4, sìmẹ́ǹtì ni ilẹ̀ rẹ̀, ó sì dà díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹnìkan ní kí n so ilẹ̀kùn méjì pọ̀, kí n gbé e lé ẹsẹ̀, pé ó ti parí. Ẹlòmíì ní àfi tábìlì irin. Èwo ni kí n ṣe? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé tábìlì tẹ́jú nígbà tí mi ò ní ohun kan tó tẹ́jú tí mo lè fi wọ̀n ọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra o. Ohun tí ẹ fi parí ìbéèrè yín ni ọ̀rọ̀ wà, mo sì máa pẹ́ lórí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì tí wọ́n máa ń pò pọ̀ sọ́tọ̀. Ẹ mú dígí fèrèsé kan, ẹ fi ti ògiri. Ó dagun, àbí? Ṣùgbọ́n ó ṣì tẹ́jú. Bẹ́ẹ̀ ni tábìlì iṣẹ́ ṣe rí. Bí gbogbo rẹ̀ bá tẹ̀ díẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kò pa bàálù yín lára. Ohun tó ń ba bàálù jẹ́ ni kí tábìlì lọ́.

Lílọ́ tí mò ń wí ni ti ẹni tó ń fún aṣọ tútù: ọwọ́ kan ń yí síwájú, ìkejì ń yí sẹ́yìn. Tábìlì lè ṣe bẹ́ẹ̀ kí ojú yín má sì rí i. Igi bàálù tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó sì ń rọ̀. Bí ẹ bá tẹ́ ẹ sórí tábìlì tó lọ́, á bá tábìlì lọ́, kò ní jiyàn rárá. Bí gọ́ọ̀mù bá wá gbẹ tán, bó ṣe rí nìyẹn títí láé.

Ibi tó ti burú jù rèé. Tábìlì tó lọ́, ọwọ́ kan ṣoṣo ló lọ́ sí. Apá òsì àti apá ọ̀tún sì dà bíi bàtà: bó ti wù kí ẹ yí bàtà òsì po, kò lè di ti ọ̀tún. Bí ẹ bá kan apá kan lórí tábìlì yẹn tí etí iwájú rẹ̀ gbé sókè ní ṣóńṣó, apá kejì tí ẹ bá kàn lórí tábìlì kan náà á tẹ etí iwájú tirẹ̀ wálẹ̀. Ẹ gbé orí rẹ̀ sí ìdí, ẹ dojú rẹ̀ délẹ̀, kò sí èyí tó máa yí i padà. Apá kan á wá máa gbé jù, ìkejì ò ní gbé tó. Bàálù á fẹ́ máa yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, awakọ̀ á sì máa fi agbára di ọ̀pá tó fi ń darí rẹ̀ mú látìgbà tó gbéra títí tó fi balẹ̀. Tí eré bá wá dín kù jù, ṣóńṣó apá tí etí iwájú rẹ̀ ga ló máa kọ́kọ́ dẹ́kun àtimáa gbé, apá yẹn á sì já wálẹ̀, ó sì jẹ́ pé nígbà tí ilẹ̀ ti sún mọ́ ni eré máa ń dín kù. Tábìlì tó kàn tẹ kòtò díẹ̀ láàárín kò burú tó bẹ́ẹ̀, torí apá méjèèjì ló máa jọ tẹ̀ bákan náà.

Ẹ wò ó ní iye. Lórí tábìlì tó fẹ̀ ní mítà 1.2, igun kan ní láti fi mìlímítà 21 ga kí apá tó lọ́ ní dìgírì 1. Ó dà bíi pé ó pọ̀, kò sí ẹni tí kò ní rí i. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé apá kejì máa lọ́ sí òdì kejì, ìyàtọ̀ á di ìlọ́po méjì. Mìlímítà 5 péré, tí ojú lásán kì í rí lórí nǹkan tó gùn tó bẹ́ẹ̀, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì dìgírì sáàárín apá yín méjèèjì. Òdiwọ̀n tèmi nìyí: mìlímítà 1 láti igun dé igun. Méjì kò dùn mọ́ mi nínú, ṣùgbọ́n mo lè gbà á. Bó bá ti di mẹ́ta, mo máa tú u palẹ̀.

Ní ti ilẹ̀kùn, ẹni tó gbà yín nímọ̀ràn yẹn kò sọ ìsọkúsọ. Ilẹ̀kùn tí inú rẹ̀ ṣófo fúyẹ́, ó sì le ju bí ẹ ṣe rò lọ. Àmọ́ ojú rẹ̀ kò nípọn, kò lè di ìṣó àti súkúrù mú, bẹ́ẹ̀ ìṣó la fi máa ń di igi bàálù sí àyè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ló sì ti lọ́ kó tó kúrò lórí ìgbátí. Mo ti jẹ ẹ́ rí. Ìrù àkọ́kọ́ tí mo kàn, orí ilẹ̀kùn àlòkù ni mo kàn án sí. Ọjọ́ tí mo gbé e dúró ti ara bàálù ni mo tó rí i pé ó ń wo ẹ̀gbẹ́ bí ẹni tí ọrùn ń dùn. Ìgbà kejì ni mo kan ìrù yẹn tó tó lò. Tábìlì irin ní tirẹ̀, ti ẹni tó ń jó irin pọ̀ ni, torí iná máa jẹ pákó àti MDF (pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀). Igi ni tiyín, ẹ ò sì lè kan ìṣó mọ́ irin. Ẹ jẹ́ kó lọ.

Àpótí pẹlẹbẹ ni kí ẹ kàn: ojú méjì, òkè àti ìsàlẹ̀, pẹ̀lú àwọn igi tó dábùú ara wọn bí àwọ̀n láàárín. Ojú òkè, MDF mìlímítà 18, odidi pákó méjì ní oríkoorí. Ìyẹn á fún yín ní mítà 4.88 sí 1.22, apá yín á dùbúlẹ̀ lé e, ọwọ́ yín á sì dé àárín láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ojú ìsàlẹ̀, plywood mìlímítà 9. Ẹ má jẹ́ kí ojú ìsopọ̀ òkè àti ti ìsàlẹ̀ ṣe déédéé: ní ìsàlẹ̀, ẹ gé pákó kan sí méjì, kí ẹ fi odidi kan sáàárín wọn. Àwọ̀n àárín, plywood mìlímítà 18 tí a là sí sẹ̀ǹtímítà 12, kí wọ́n jìnnà síra ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 40. Ẹ la gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà láìṣí ojú ẹ̀rọ ayùn nípò, kí gíga wọn lè dọ́gba. Gíga yẹn ni agbára tábìlì: bí gíga igi bá di ìlọ́po méjì, líle rẹ̀ sí títẹ̀ á di ìlọ́po 8. Torí ẹ̀ ni mi ò ṣe fẹ́ káwọn èèyàn máa náwó sórí pákó nínípọn tí kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀.

Ó wá ku ibi tí ẹ ti béèrè: orí kí ni ẹ máa to àpótí yìí sí tó fi máa tẹ́jú? Okùn ni. Okùn tí a bá fà le kì í purọ́.

Ẹ wá igi gbọọrọ méjì tó gùn tó mítà 4.9, tó fi sẹ̀ǹtímítà 15 ga, tó gbẹ dáadáa. Tí ẹ bá ń rà á, ẹ gbé orí kan sójú, ẹ pa ojú kejì dé, kí ẹ wò ó lọ dé ìpẹ̀kun. (Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, káfíńtà ló mọ ìtumọ̀ ẹ̀ jù.) Ẹ dá àwọn méjèèjì dúró lórí etí tóóró wọn, kí wọ́n jìnnà síra ní bíi mítà 1, lórí ohunkóhun tí kò ní mì. Ẹ wá gé pákó kékeré márùn-ún láti ara igi kan ṣoṣo, kí wọ́n nípọn bákan náà gẹ́lẹ́. Ẹ fi ọ̀kan sí ìpẹ̀kun igi gbọọrọ níhìn-ín, ọ̀kan sí ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, kí ẹ na okùn ìpẹja kọjá lórí méjèèjì. Ẹ fà á títí tó fi máa dún bí okùn gìtá tí ẹ bá ta á. Pákó mìíràn ni ẹ máa tì bọ abẹ́ okùn ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 30. Ibi tó bá ti há, igi ga níbẹ̀, ẹ fá a. Ibi tí ẹ bá ti rí ìmọ́lẹ̀ láàárín pákó àti okùn, igi rẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹ fi pákó tín-ín-rín tì í sókè láti abẹ́. Ẹ ṣe bákan náà fún igi kejì.

Nígbà tí igi kọ̀ọ̀kan bá tọ́ tán, ó ku kí àwọn méjèèjì gbọ́ra wọn yé. Ẹ gbé pákó kékeré kọ̀ọ̀kan sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ na okùn kan láti igun kan sí igun tó dojú kọ ọ́ ní ìdábùú, kí ẹ na ìkejì sórí igun méjì tó kù. Wọ́n á ré ara wọn kọjá láàárín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín bá okùn dọ́gba, kí ẹnìkan tan tọ́ọ̀ṣì láti òdì kejì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá là láàárín okùn òkè àti ti ìsàlẹ̀, igun méjì tó gbé okùn òkè ti ga jù. Bí kò bá sí ìmọ́lẹ̀, ẹ má tíì yọ̀, torí okùn ìsàlẹ̀ lè máa ti tòkè gòkè. Ẹ tú okùn òkè, ẹ gbé e gba abẹ́ ìkejì, kí ẹ tún wò ó. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá kàn ń fẹnu kan ara wọn, bóyá èyí ló wà lókè o, bóyá ìyẹn ni, láìsí èyí tó ń ti èkejì, ni ẹ tó lè sọ pé kò lọ́. Ẹ fi sọ́kàn pé àlàfo mìlímítà 1 láàárín dúró fún mìlímítà 2 ní igun kan, torí tí igun kan bá gbéra, ìdajì rẹ̀ ló ń dé àárín okùn.

Orí igi méjì yìí ni ẹ máa to àwọ̀n náà lé. Ẹ lẹ ojú ìsàlẹ̀ mọ́ ọn, ẹ di ẹrù lé e ní ọ̀gangan igi gbọọrọ, kí ó sùn mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ yí i dé, ẹ dá a padà sórí igi, ẹ tún na okùn. Ẹ má fo ìdánwò kejì yìí. Àpótí tó ní ojú kan ṣoṣo ṣì lè lọ́, ẹ ṣì lè fi ẹrù tàbí pákó tín-ín-rín tún un ṣe. Bí MDF òkè bá ti lẹ̀ tó sì gbẹ, bó bá lọ́, ó lọ́ náà nìyẹn. Ẹ má fi súkúrù sí ojú òkè tí ẹ bá lè fi ẹrù tẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ kan ni bíìtì dírílì yín máa pàdé ẹ̀. MDF nìkan á tó nǹkan bíi kílò 80, nítorí náà ẹ pe èèyàn.

Ẹsẹ̀ mẹ́fà tó fún un. Ẹ fi bóòtù àti nọ́ọ̀tì sí ìdí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹ lè máa yí i sókè sódò, sìmẹ́ǹtì yín tó dà kò sì ní jẹ́ ìṣòro mọ́. Okùn ni kí ẹ fi tún ẹsẹ̀ ṣe, kì í ṣe ìwọ̀n olómi tí bíríkìlà fi ń mọ ibi tó dọ́gba. Lẹ́yìn tó bá ti tẹ́jú ni ẹ lè wá mú un dọ́gba pẹ̀lú ilẹ̀, torí á rọrùn fún yín láti fi ìwọ̀n olómi wọn bí apá ṣe yẹ kó dagun tó. Kí ẹ tó gba ìwọ̀n yẹn gbọ́, ẹ wo ohun tó sọ, ẹ yí orí rẹ̀ sí ìdí lójú kan náà: bí kò bá sọ ohun kan náà, ó ti bàjẹ́. Gíga tábìlì, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 90. Tí ẹ bá ga, ẹ fi kún un, ẹ̀yìn yín á dúpẹ́.

Ẹ kun tábìlì ní fáníìṣì, òkè, ìsàlẹ̀ àti etí. Bí ẹ bá kun ojú kan tí ẹ fi ìkejì sílẹ̀, ọ̀rinrin á máa gba ẹ̀yìn wọlé, tábìlì á sì tẹ̀. Bí omi bá dà sí etí MDF, á wú, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìhà ara, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo láàárín tábìlì láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kí ẹ máa wọn ohun gbogbo láti ara rẹ̀. Àwòrán bébà tí ẹ rà máa ń na tàbí sún kì nítorí ọ̀rinrin, nítorí náà iye tí wọ́n kọ sí i ni kí ẹ tẹ̀ lé, kì í ṣe ìlà rẹ̀. Ẹ tẹ́ ọ̀rá lé e kí gọ́ọ̀mù má bàa lẹ ìhà mọ́ tábìlì, kí ẹ kan àwọn pákó kékeré yí igi ká kó lè dúró. Orí ìhà àkọ́kọ́ gan-an ni kí ẹ kan ìkejì sí, pẹ̀lú ọ̀rá láàárín wọn. Wọ́n á jọra bí ìbejì.

Kí ẹ tó lẹ apá kọ̀ọ̀kan, ẹ tún na okùn méjèèjì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Igi ń mí, ẹsẹ̀ tábìlì sì lè yẹ̀ tí ẹnìkan bá fìdí kàn án.

Ẹ wọn ẹnu ọ̀nà yàrá yẹn lónìí pẹ̀lú, kì í ṣe lọ́jọ́ tí bàálù bá parí. Ara bàálù pẹ̀lú táyà ẹsẹ̀ rẹ̀ lè fẹ̀ ju bí ẹ ṣe ń fojú wò ó lọ, mo sì mọ ẹnìkan tó ní láti wó ògiri.