Ìbéèrè Yín: Wáyà Wo Ló Bá Tẹlifíṣọ̀n Yín Mu?

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. HDMI (wáyà kan ṣoṣo tó ń gbé àwòrán àti ohùn pọ̀) ni wọ́n ní kí n fi so dekódà tuntun tí mo rà, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n mi ti pẹ́, ihò yẹ́lò, funfun àti pupa nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ta wáyà kan fún mi, ẹnu HDMI wà ní apá kan, ẹnu aláwọ̀ mẹ́ta wà ní apá kejì. Mo so ó, "No Signal" ló ń kọ. Ṣé dekódà ló bàjẹ́ ni? (Ìyá oníṣòwò, Ìbàdàn)

Ìyá wa, ẹ kú ìnáwó. Ó jọ pé kò sí ohun tó ṣe dekódà yín. Wáyà yẹn ni kò lè ṣiṣẹ́, ì báà jẹ́ pé òní ni wọ́n ṣe é. Dígítà (oní-nọ́ńbà) ni ohun tó ń jáde láti ihò HDMI, analog (irú ti àtijọ́) ni ihò aláwọ̀ mẹ́ta ń gbà, wáyà lásán kò sì lè sọ ọ̀kan di èkejì. Àfi kí àpótí kékeré kan wà láàárín tó ń jẹ iná 5V láti USB.

Kí ẹ tó tún náwó, ẹ yẹ ẹ̀yìn dekódà náà wò. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ihò róbótó kan tí wọ́n kọ AV sí, ó rí bí ihò earphone. Wáyà tí ẹnu kan rẹ̀ tínrín, tí ìkejì pín sí mẹ́ta, ni tirẹ̀. Yẹ́lò ló ń gbé àwòrán, funfun ń gbé ohùn apá òsì, pupa ń gbé ti apá ọ̀tún. Ibi tó ti máa ń dani láàmú ni pé ètò inú ẹnu tínrín yẹn kì í ṣe ọ̀kan náà lọ́dọ̀ gbogbo àwọn tó ń ṣe é. Bí àwòrán kò bá yọ, tí ohùn sì ń kùn yùn-ún, ẹ yọ ẹnu pupa, kí ẹ fi í sí ihò yẹ́lò. Lọ́pọ̀ ìgbà, àwòrán á yọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá fi ẹnu yẹ́lò sí ihò pupa.

Bí kò bá sí ihò AV rárá, kọ̀nfátà, àpótí kékeré tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, ni kí ẹ rà. HDMI2AV (láti HDMI sí AV) ni kó wà lára rẹ̀. AV2HDMI kò wúlò fún yín, nítorí ọ̀nà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́. Ẹ ti súìtì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sí PAL (ìlànà àwòrán tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ilẹ̀ wa). Bó bá wà ní NTSC (ìlànà ti Amẹ́ríkà), tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ lè gbé àwòrán aláìláwọ̀ jáde, tàbí kó máa yí sókè.

Mo gbé tẹlifíṣọ̀n 4K (tí àwòrán rẹ̀ mọ́ kedere gan-an) kọ́ ògiri, PS5, ẹ̀rọ géèmù ọmọ mi, wà ní apá kejì pálọ̀. Wáyà HDMI mítà 10 tí mo rà ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ ṣókùnkùn fìrí, á tún padà. Ọlọ́jà ní kí n ra oníwúrà. (Bàbá Ìbejì, Abẹ́òkúta)

Ẹ má rà á. Wúrà ẹnu wáyà kì í jẹ́ kó dípẹtà, iṣẹ́ rẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gígùn ló ń dà yín láàmú. 4K tó ń sáré ní 60Hz (àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan) nílò wáyà tó lè gbé 18Gbps (Gbps ni ìwọ̀n bí dátà ṣe ń yára kọjá), èyí tí wọ́n ń kọ Premium High Speed sí. 4K ní 120Hz nílò Ultra High Speed, 48Gbps. Bí wáyà onírin bá sì ṣe ń gùn tó ni agbára rẹ̀ ń dínkù tó. Tó bá ti kọjá mítà 5, ewu ti wọ̀ ọ́.

Ẹ kọ́kọ́ dán an wò: ẹ gbé PS5 sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ fi wáyà tó bá a wá nínú páálí so ó. Bí ojú rẹ̀ kò bá ṣókùnkùn mọ́, wáyà gígùn lẹ̀bi. HDMI oní-fáíbà (tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé àwòrán dípò irin) ni kí ẹ rà fún mítà 10. Ó ní orí àti ìdí: ẹnu tí wọ́n kọ Source sí ni ti PS5, Display ni ti tẹlifíṣọ̀n, bí ẹ bá yí i padà, kò ní gbé nǹkan kan wá. Ẹ má ká a kó ṣẹ́, ẹ sì dán an wò kí ẹ tó tì í bọ páìpù inú ògiri. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ bíríkì bò ó tán kẹ́ẹ tó tan iná, ẹ kú ìnira.

Soundbar mi (àpótí ohùn gígùn tí wọ́n ń gbé sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n) kò dún, ohùn ṣì ń jáde láti ara tẹlifíṣọ̀n. (Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Òṣogbo)

Ihò HDMI tí wọ́n kọ ARC tàbí eARC sí nìkan ló ń dá ohùn padà láti tẹlifíṣọ̀n sí soundbar, òun sì ni kí ẹ lò níhà méjèèjì. Ẹ tan HDMI-CEC, tó ń jẹ́ kí tẹlifíṣọ̀n àti soundbar máa bára wọn sọ̀rọ̀, nínú settings (Anynet+ ni Samsung ń pè é, SimpLink ni ti LG), kí ẹ sì yí ibi tí ohùn ń gbà jáde sí soundbar. Bó bá jẹ́ wáyà optical (tó ń fi ìmọ́lẹ̀ gbé ohùn) lẹ lò, ẹ yọ ike kékeré tó bo ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Bó bá ṣì dákẹ́, ẹ yí ohùn tẹlifíṣọ̀n sí PCM (irú ohùn tí wọn kò fún pọ̀).

Ṣé wáyà USB-C sí HDMI lè gbé fóònù mi sójú tẹlifíṣọ̀n? (Akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-Ifẹ̀)

Àfi tí fóònù náà bá ní DisplayPort Alt Mode (ètò tó ń jẹ́ kí ihò USB-C gbé àwòrán jáde). Ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú kò ní in, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu USB-C kan náà ni wọ́n ní. Ẹ wo àlàyé fóònù yín lórí ìkànnì àwọn tó ṣe é; bó bá jẹ́ USB 2.0 ni wọ́n kọ síbẹ̀, ẹ fi owó wáyà ra data, kí ẹ lo Cast orí Wi-Fi (gbígbé àwòrán fóònù sójú tẹlifíṣọ̀n láìsí wáyà).