Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Wọ́n Pè Mí fún Íńtáfíù, Kí Ni Kí N Wí?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ akọ̀wé owó ni mo ń wá. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti pè mí fún íńtáfíù, "Sọ fún wa nípa ara rẹ" ló ń gbé mi ṣubú. Mo há ìdáhùn sórí dáadáa, àmọ́ bí mo bá ti jókòó báyìí, ó ti fò lọ. (Olùkà kan, Lágere, Ilé-Ifẹ̀)

Àhásórí yẹn gan-an ló ń dá yín lágara. Bí ọ̀gá kan bá já lu ọ̀rọ̀ ẹni tó há nǹkan sórí, kò ní mọ ibi tó bá a dé mọ́. Ẹ mú ìwé pélébé kan, kí ẹ kọ nǹkan mẹ́ta sí i, ọ̀rọ̀ mẹ́ta mẹ́rin péré lábẹ́ ìkọ̀ọ̀kan: iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ ọ́n ṣe, ohun kan tí ẹ ti ṣe tó ní iye nínú, àti ìdí tí ẹ fi fẹ́ iṣẹ́ tibẹ̀. Ìlú tí wọ́n ti bí yín àti iye àbúrò yín kò sí lára ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́.

Ìkejì yẹn ló gba làákàyè. "Mo jẹ́ òṣìṣẹ́ takuntakun tó ṣeé fọkàn tán" kò ta èèyàn lólobó nǹkan kan, torí ẹni tó wọlé ṣáájú yín ti wí bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á tún un wí. Ẹ wo irú èyí: "Nígbà tí mò ń ṣe agùnbánirọ̀, èmi ni mò ń tọ́jú owó ìnáwó kéékèèké ní ọ́fíìsì, ₦50,000 lọ́sẹ̀. Àwọn tó ń gbowó kì í mú rìsíìtì wá. Mo la ìwé kan: ọjọ́, orúkọ, iye, ohun tí a fi rà, ìbuwọ́lùwé. Ẹni tí kò bá tíì mú rìsíìtì ti àkọ́kọ́ wá kò ní gba owó mìíràn. Kí oṣù tó parí, owó tó wà nínú àpótí àti iye inú ìwé ti ń bára mu ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì." Tiyín ni kí ẹ fi dípò rẹ̀ o, torí wọ́n á béèrè kúlẹ̀kúlẹ̀. Ẹ sì kíyè sí i pé "mo" ló pọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe "a". Ìtìjú ọmọlúàbí ló ń jẹ́ ká máa wí pé "a ṣe é", àmọ́ ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ fẹ́ mọ ohun tí ọwọ́ tiyín ṣe.

Ìtàn kan náà tún lè dáhùn ìbéèrè méjì mìíràn. Bí wọ́n bá ní ẹ dárúkọ ìṣòro kan tí ẹ yanjú, òun nìyẹn. Bí wọ́n bá béèrè ìgbà tí ẹ̀yin àti ẹlẹgbẹ́ yín ṣe gbólóhùn asọ̀, ẹ sọ ti ẹni tó kọ̀ tí kò mú rìsíìtì wá. Mẹ́ta tàbí mẹ́rin irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tó yín.

Ẹ wá fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Bó bá jù bẹ́ẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ló sábà máa ń gùn jù. Ibẹ̀ ni kí ẹ gé.

Olùkọ́ ni mí. Mo fiṣẹ́ sílẹ̀ ní 2022 nígbà tí mo bí ìbejì. Wọ́n máa ń béèrè ohun tí mo ti ń ṣe látìgbà náà, àti bóyá mo ṣì máa bímọ. Ṣé kí n purọ́ ni? (Ìyá Ìbejì, Iléṣà)

Ẹ má purọ́, mà. Gbólóhùn méjì ti tó: ẹ dúró tọ́jú àwọn ọmọ, wọ́n sì ti ń lọ jẹ́lé-ó-sinmi. Bí àlàyé bá ti gùn, ṣe ló ń dà bí ẹ̀bẹ̀. Ẹ tètè bọ́ sórí iṣẹ́: bí ẹ bá ń kọ́ ọmọ àdúgbò ní lẹ́sìnnì, ẹ sọ iye wọn àti kíláàsì wọn.

Ti bíbí mìíràn, ká sọ tòótọ́, kò kàn wọ́n. Àmọ́ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù ni pé ẹ ó máa pa iṣẹ́ jẹ. Ìyẹn ni kí ẹ dáhùn: "Ẹni tó ń mú àwọn ọmọ wálé wà. Mo lè wà nílé ìwé ní aago méje ààbọ̀ láràárọ̀." Kí ẹ sì panu mọ́.

Mọdákẹ́kẹ́ ni mò ń gbé, Iléṣà niṣẹ́ wà. Wọ́n ní èló ni mo fẹ́ gbà. (Mọdákẹ́kẹ́)

Ẹ ṣírò kí ẹ tó kúrò nílé. Bí ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ bá ń gba ₦2,000 lóòjọ́, ọjọ́ 22 jẹ́ ₦44,000. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ti jẹ́ ₦70,000 láti 2024, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ ju ìyẹn lọ. Ẹ béèrè bóyá iye tí wọ́n dá jẹ́ ti ṣáájú kí wọ́n tó yọ nǹkan. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti 2014 ní kí ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè yọ ìdá 8 nínú 100 lára owó oṣù òṣìṣẹ́ sínú owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, kí àwọn náà fi ìdá 10 sí i. Bí owó oṣù bá jẹ́ ₦100,000, tí gbogbo rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìṣirò yẹn, ₦92,000 ló kù, owó orí ò sì tíì kúrò níbẹ̀. Bí ẹ bá dárúkọ iye méjì, èyí tó kéré ni wọn yóò gbọ́. Kí ìyẹn jẹ́ iye tó tẹ́ yín lọ́rùn.

Ṣé kí n dọ̀bálẹ̀, kí n sì fi Yorùbá dáhùn? (Ilé-Ifẹ̀)

Ẹ tẹrí ba, ẹ kí wọn, kí ẹ dúró títí wọ́n á fi ní kí ẹ jókòó. Ìdọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ọ́fíìsì tó há, tábìlì lẹ ó kọlù. Èdè tí wọ́n bá fi béèrè ni kí ẹ fi dáhùn, nítorí náà, ẹ fi méjèèjì dánra wò nílé.