Laptop mi ń kú, ó ń jí, n kò fọwọ́ kàn án

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Laptop mi ti lo ọdún 8. Ó tó oṣù kan báyìí tó ti ń ṣàdédé kú mọ́ mi lọ́wọ́. Kí n tó mí, ó ti tún ń tàn bọ̀. Bí mo bá ń tẹ̀wé, ó lè tó wákàtí 3 kó tó ṣe é, ṣùgbọ́n bí mo bá ń wo fídíò, kì í ju ìṣẹ́jú 20 lọ. Ẹnì kan ní kí n pa gbogbo inú rẹ̀ rẹ́, kí n fi Windows tuntun sí i. Iṣẹ́ ìwádìí mi wà níbẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pa nǹkan kan rẹ́. Ẹ kọ́kọ́ da iṣẹ́ ìwádìí yẹn sórí fláṣì, lónìí yìí. Fáìlì tí ẹ ń kọ lọ́wọ́ lè bàjẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá kú lójijì, òun ló sì ń bà mí lẹ́rù jù nínú lẹ́tà yín.

Inú mi dùn pé ẹ wo aago. Fídíò ń fún ẹ̀rọ níṣẹ́ ju ìwé títẹ̀ lọ, kíá ló sì ń kú nídìí rẹ̀. Ìyẹn ló jẹ́ kí n fura sí ooru tàbí iná mànàmáná ju Windows lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Bí àṣìṣe ńlá bá kọ lu Windows, ó máa ń tún ara rẹ̀ tàn kí ẹ tó ka ohun tó kọ sójú rẹ̀ tó di búlúù. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ sysdm.cpl, ẹ wọ Advanced, ẹ tẹ Settings lábẹ́ Startup and Recovery, kí ẹ yọ àmì iwájú Automatically restart. Tí ojú búlúù bá dúró lọ́jọ́ mìíràn, ẹ da àkọlé rẹ̀ kọ: ó ṣeé ṣe kó jẹ́ RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) tàbí driver (ètò tó ń jẹ́ kí Windows lè lo ẹ̀yà ara ẹ̀rọ). Tí RAM bá jẹ́ méjì, ẹ yọ ọ̀kan, ẹ lò ó bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ kan, kí ẹ wá pààrọ̀ wọn. Bó bá jẹ́ òkùnkùn lásán, ooru tàbí iná ni kí ẹ wá lọ. Bí ẹ bá rí Kernel-Power 41 nínú Event Viewer, ibi tí Windows ń kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí, ẹ má fòyà; kò sọ ju pé ẹ̀rọ náà kú láìdágbére.

Ọ̀pọ̀ processor (ọpọlọ ẹ̀rọ) ló máa ń dẹ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ bí ooru rẹ̀ bá ti ń súnmọ́ 100°C; bí ooru náà bá ṣì ń pọ̀ sí i, ó máa ń pa ara rẹ̀, kó má baà jóná. Nígbà tí fídíò bá ń lọ, ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ síbi ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Bí fáànù bá ń pariwo, tí ohun tó ń jáde kò sì ju èémí ọmọdé lọ, ó ti dí. Mo ṣí tèmi nígbà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Eruku tó wà láàárín fáànù àti àwọn irin wẹ́wẹ́ tó ń gbé ooru jáde ti di aṣọ. Mo ká a kúrò lẹ́ẹ̀kan náà bí ẹni ká ẹní. Thermal paste orí processor, ìyẹn ọ̀rá tó ń gbé ooru kúrò lórí rẹ̀, ti gbẹ, ó ń rún bí ẹfun. Mo fi isopropyl alcohol, ọtí tí a fi ń nu ẹ̀yà ẹ̀rọ, nù ún, mo fi tuntun díẹ̀ sí i, kò sì kú bẹ́ẹ̀ mọ́. Bí ẹ bá ń fẹ́ eruku, ẹ di abẹ fáànù mú kó má yí.

Bátìrì ọdún 8 náà kò ṣeé fọkàn tán. Bó bá ṣeé yọ, ẹ pa laptop, ẹ yọ ọ́, ẹ fi ṣájà nìkan wo fídíò kan náà. Bí kò bá kú mọ́, bátìrì ni. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹnu ṣájà bá mì ló ń kú, ojúhò rẹ̀ ló ti tú. Ṣùgbọ́n bí bátìrì bá ti wú, tó ń ti kíbọ́ọ̀dù sókè, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi ṣájà sí i mọ́. Ẹ gbé e fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà kó bá yín yọ ọ́.